Aró Tí Kò Mú Mọ́

Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ Moyinolúwa lọ́jọ́ tí Gbémiga kọ́kọ́ rí i. Ó ti bọ́ èkejì sábẹ́ tábìlì, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu maikirosíkóòpù. Ilé àyẹ̀wò kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Oǹdó ni Gbémiga ti gbé ẹ̀dọ̀ eku wá, fún iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ lórí bí májèlé ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ jókòó, bùọ̀dá. Ó jọ pé ó rẹ̀ yín ju èmi lọ."

Ohun tí Gbémiga ti kà nínú ìwé, òun ni Moyinolúwa fi hàn án. Kóró àárín sẹ́ẹ̀lì tó yè máa ń mu aró dáadáa. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú, kóró náà á sún kì, á dúdú, á fọ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí ásíìdì inú rẹ̀ bá yòrò tán, aró ò ní mú un mọ́.

Ọdún méjì ni wọ́n fi fẹ́ra wọn. Bàbá Moyinolúwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì sí Ìjàrẹ́, ní ọjọ́ tí Gbémiga bá gboyè ni òun máa dájọ́ ìgbéyàwó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Gbémiga fi ìwé iṣẹ́ oyè rẹ̀ sílẹ̀ ni Moyinolúwa wo ẹ̀dọ̀ àwọn eku tí wọn ò fún ní májèlé, tí Gbémiga fi sẹ́yìn nítorí ó rò pé kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀.

"Gbémi, kóró tiwọn náà ti ṣí, aró ò mú un mọ́. Ìgbà wo lo pa wọ́n?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo gbé wọn wá. Fomalín tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà tán l'Óǹdó, ọkọ̀ tún bàjẹ́ lọ́nà. Inú ọ̀rá ni wọ́n sùn."

"A jẹ́ pé májèlé kọ́, jíjẹrà ni." Ó bú sẹ́kún. "Ó yẹ kí n bi ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti rẹ̀ mí jù ni. Tí mo bá dákẹ́, ní Disẹ́ńbà a ó ṣègbéyàwó."

"Má dákẹ́," ni Gbémiga wí. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, lẹ́yìn náà fún bàbá n'Íjàrẹ́.

"Ta ló rí àṣìṣe yìí?" ni bàbá béèrè.

"Ọmọ yín ni, sà."

"O ò bínú sí i?"

"Ó kàn rẹ̀ mí ni, sà."

"Tó o bá lè gbé iṣẹ́ ọdún méjì dànù torí òótọ́, kí ni mo tún ń dúró wò? Ẹ mú ọjọ́ wá."

Ní ìta, Moyinolúwa tó bá a wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà kan. Gbémiga jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó ń fi ọwọ́ ra á.

"Ọdún méjì míì kó o tó gboyè, àbí?" ni Moyinolúwa bi í.

"Ọdún méjì míì. Ṣùgbọ́n ilé wa ni màá ti máa jáde lọ síbi iṣẹ́."