Àwòrán Kì Í Dúró De Ìkíni

Ọkùnrin gíga kan, dúdú bíi kóró iṣin, ni Baseerah kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ náà ní Ìkòròdú, tó dúró níwájú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń kí èèyàn títí òógùn fi bò ó.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn wá ṣe: bí tíṣà ṣe lè fi àwòrán mẹ́wàá péré kọ́ ọmọ. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń yí àwòrán lára ògiri. Kéèyàn tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan ti lọ, òmíràn ti dé. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá wa," ni ọkùnrin náà, Ashraf, wí. Àwòrán yí. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó." Ó tún yí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ kú ewu ọ̀nà..."

Nígbà tó máa kí aṣọ́gbà tán, "Ó dìgbóṣe" ló kù lára ògiri. Kò tíì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa òjò tó fẹ́ kọ́ni!

Baseerah rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí àga. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ká ní èmi ni, eyín méjì tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi yìí ì bá bá ẹ̀rín jáde, ìdí mi náà ì bá sì dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Baseerah gbé omi tútù lọ fún Ashraf. "Ọ̀gbẹ́ni Oníkíni, ẹ gba omi. Ọ̀fun yín á ti gbẹ."

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tẹ́ ẹ wá sọ ni kẹ́ ẹ sọ. Àwòrán kì í ṣe àlejò tó ń dúró de kíkí."

Ashraf gba omi, ó gba nọ́ńbà, kò sì pẹ́ tó fi gba ọkàn.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ilé ìwé Baseerah ní Ẹ̀pẹ́ pe àwọn òbí wá wo ẹ̀kọ́ aláwòrán. Baseerah ní kí Ashraf wá kọ́ kíláàsì òun, kí bàbá òun lè rí i. Bàbá náà, Alhaji Sàlímọ́nù, tó ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà, ni alága àwọn òbí. Iwájú ló jókòó sí. Ashraf rántí ìmọ̀ràn olólùfẹ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀: "Omi ọ̀sà ló ń gòkè di òjò..."

Alhaji dìde, ó gbọn agbádá. "Ẹni tó bá àgbà níjòókòó tí kò kí wọn, òun lo fẹ́ fẹ́? Láéláé! Mi ò ní ọmọ tí màá fún un."

"Bàbá mi, èmi ni mo ní kó má kíni."

"Tó o bá ní kó bẹ́ sọ́sà, á bẹ́?"

Nírọ̀lẹ́, Baseerah sunkún lórí fóònù. "Tó o bá kí wọn, àwòrán á sá. Tó ò bá kí wọn, Bàbá á sá."

"Oyin mi, nu ojú ẹ. Tó bá jẹ́ kíkí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ńkọ́?"

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Ashraf ń wá sí Ẹ̀pẹ́, tó ń ya fọ́tò àwọn òbí níbi iṣẹ́ wọn, tó ń bi àgbà léèrè bí wọ́n ṣe ń kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Baseerah bẹ ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi tún pe ìpàdé. Alága ò lè ṣàìwá. Alhaji jókòó, ó fajú ro bí ẹni mu ewúro.

Kí Ashraf tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwòrán wá bẹ̀rẹ̀. Onídìrí yọ.

"Ojú gbooro o!"

"Òòyà á yà á o!" ni àwọn ọmọ dáhùn.

Ẹlẹ́ja yọ. "Ajé á wọ igbá o!" Ìyá ẹlẹ́ja jó dìde lórí àga. Kò sí èyí tó kọjá láìgba ìkíni tirẹ̀.

Lójijì, Alhaji rí ara rẹ̀ lára ògiri, àwọ̀n lórí itan.

"Ẹ kú iṣẹ́ àwọ̀n, Bàbá wa! Odò á gbè yín o! Ọkọ̀ ò ní dojú dé!"

"Àmín, àmín, ọmọ mi! Ìwọ náà..." Àwòrán yí. Alhaji fò dìde. "Ẹ dá mi padà síbẹ̀! Mi ò tíì dáhùn tán!"

"Kì í padà, Bàbá!" ni àwọn ọmọ pariwo.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alhaji fúnra rẹ̀. "Ó dáa. Ashraf, kó àwọn ẹbí ẹ wá sílé mi, kí n wá dáhùn tán."

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì. Lèmọ́mù kọjú sí Baseerah: "Ǹjẹ́ o gbà láti fẹ́..."

"Mo gbà!"

"Mi ò tíì dárúkọ ọkọ."

"Ẹ máa dárúkọ lọ, Àáfà. Èmi ti gbà ná."