Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìrèké

Omi inú táǹkì ẹ̀rọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná sí i láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Mojeed fi rọ́bà fa omi sínú rẹ̀, omi tó tutù bíi yìnyín, nítorí oṣù kẹta ọdún ni, afẹ́fẹ́ etí omi Tompkinsville nílẹ̀ òyìnbó kò sì mojú ẹnikẹ́ni. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí Bàbá Olúsànmí ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó yọ ọwọ́, ó wò ó, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Oòrùn ló mú un," ni Bàbá wí.

Inú ṣẹ́ẹ̀dì tí oòrùn kì í dé ni wọ́n wà.

Ẹ má bú u. Ọkùnrin tó bá ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Ẹbútẹ̀ Mẹ́ta kì í gbà fún ẹ̀rọ bọ̀rọ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní St. Albans ló ń gbé, tẹlifíṣọ̀n àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń sú u. Ọjọ́ tó gbọ́ pé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Christina, tó ní ilé àfihàn kékeré kan, ń wá ẹni tó lè jí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo ooru omi dìde, ọjọ́ náà ló so táì mọ́rùn, ó wọ subway, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ. Christina bi í bóyá ó mọ iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí obìnrin náà bi ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ojú irin kékeré ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló rọ ọ́ láyé ìjọba amúnisìn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Natal ní gúúsù Áfíríkà, kó máa fa ìrèké lórí irin tóóró tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Táǹkì omi rẹ̀ wà lórí bọ́ìlà tó ń se omi, ó gùn ún lẹ́yìn bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Ara irin ọwọ́ tí awakọ̀ fi ń tú ooru sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó rìn ni wọ́n ti rí i: bàbà pẹlẹbẹ róbótó kan tí wọ́n fi wáyà so rọ̀, tí wọ́n lu mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí lójú.

Bàbá mọ ohun tó jẹ́. Ní Ẹbútẹ̀ Mẹ́ta, kálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ sára irin ọwọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, ọ̀gá àgbà pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin náà. Ẹni tó gbé e kọ́ ni yóò jáde wá gbé e sọ̀. Kí awakọ̀ tó wa ẹ̀rọ náà, yóò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò pe orúkọ onítọ̀hún, títí tí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìta.

"Bàbá, ṣé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?" ni Mojeed béèrè. Ọmọ Ìbàdàn ni, jórinjórin, kò tíì pé ogójì ọdún.

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó ni ín á ti kú tipẹ́. Ikú ti bá a parí iṣẹ́."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi píláyà gé wáyà náà.

Ní ọjọ́ kẹta, Mojeed wà nínú kòtò tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń tú nọ́ọ̀tì. Bàbá jókòó nídìí tábìlì ní ìkángun ṣẹ́ẹ̀dì, ó ń mu tíì.

"Ẹ ṣé, sà," ni Mojeed wí lábẹ́ ibẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Sípánà tẹ́ ẹ nà sí mi."

Bàbá gbé ife sílẹ̀. Mojeed rọra jáde. Sípánà àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú tiwọn, gíríìsì tútù sì wà lára rẹ̀.

"Bàbá," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹnì kan wà níbẹ̀ o."

"Ẹ̀rọ tó pa èèyàn mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tọrọ tíì lọ́wọ́ mi rí."

"Ẹ máa ṣeré, sà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Mojeed fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá ló bẹ̀ ẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè jó irin tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Oyíndà, ìyàwó Mojeed, pe Bàbá lórí fóònù láti Soundview tí wọ́n ń gbé. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀, ó sì ń tọ́jú àwọn arúgbó lójoojúmọ́ síbẹ̀.

"Bàbá, ọwọ́ yín ni mo fi ọkọ mi lé o."

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá dúró lórí ẹ̀rọ yẹn, ọmọ mi, kò sóhun tó máa ṣe é. Èmi Olúsànmí ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó sì gba ara rẹ̀ gbọ́, tọkàntọkàn.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà máa rìn pé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, Christina àti àwọn àlejò rẹ̀ dúró síta. Iná ti jó, ooru ti kún inú ẹ̀rọ, inú Bàbá ń dùn bí inú ọkọ ìyàwó. Páìpù kan kàn ń jò lábẹ́, Mojeed sì wọ inú kòtò lọ láti fún un le. Kò gbé nọ́ńbà kankan kọ́. Bàbá ló dúró ti irin ọwọ́. Kí ni wọ́n tún ń fi nọ́ńbà ṣe láàárín ara wọn?

Nígbà náà ni Bàbá gbọ́ òòlù. Kó, kó, kó. Òòlù kejì sì ń dá a lóhùn, díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn méjì tó ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ bá ń lu irin kan náà. Òòlù kan péré ni Mojeed mú wọlé.

Ẹ̀rù ba Bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yanu láti pe Mojeed, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sì dì í lẹ́nu. A kì í pe orúkọ ọmọ ẹni síta níbi tí etí tí a kò rí bá ti ń gbọ́, kí wọ́n má baà gbà á lò. Òfin rélùwéè ní kó pe orúkọ. Òfin ilé ní kó gbé e mì. Òfin ilé ló tẹ̀ lé.

"Ìwọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ," ó kígbe, "jáde o! Iṣẹ́ ti parí!"

Òòlù méjèèjì dákẹ́.

Ẹnì kan gòkè láti inú kòtò. Aṣọ iṣẹ́ Mojeed ló wọ̀, ojú Mojeed ni, gíríìsì wà níwájú orí rẹ̀. Ó wo òrùlé. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì gba àárín àwọn àlejò kọjá bọ́ sínú oòrùn, kò wẹ̀yìn.

"Ojo lọmọ yìí," ni Bàbá sọ lọ́kàn, ara sì tù ú pé ọmọ náà jáde láyọ̀. Ó di irin ọwọ́ mú, ó fà á. Kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, àfi bíi pé ẹnì kan dì í mú lódì kejì. Àwọn àlejò jẹ bísíkíìtì, wọ́n lọ. Christina ní kò burú, òun ti pe àwọn kan tó máa fi ẹ̀rọ ńlá fà á lọ́la.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, Bàbá ṣì wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, nígbà tí Oyíndà pè.

"Bàbá, Mojeed ti dé."

"Ó dáa, ọmọ mi."

"Kò dáa, sà. Ó wọlé, kò kí mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wọ̀ lọ. English kan ló ń sọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí. Ó ní òun ò ní jáde àfi tí mo bá pe orúkọ òun."

"Pè é nígbà náà."

"Mo ti pe Mojeed títí. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Bàbá ní kó jáde kúrò nínú ilé náà lójú ẹsẹ̀, kó lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfìfo ni. Ó gbàgbé òfin ilé, ó pè.

"Mojeed!"

"Sà!" Ohùn náà dún ketekete láti abẹ́ irin, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á lọ́la o. Mi ò tíì jáde."