Àwo Tútù

"Ta ló sọ pé lésà mi ò dáa?"

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí mi. Òun ló ń ṣe lésà níléeṣẹ́ wa, wóró kékeré tí kò ju hóró iyanrìn lọ, tó ń tan ìtànṣán tín-ín-rín. Èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n: iye iná tó gbọ́dọ̀ mu kó tó tàn, tí a ń fi mílíáńpù kà, àti bí ìtànṣán rẹ̀ ṣe lágbára tó.

"Mílíáńpù méjìlélógójì ló mu kó tó tàn," ni mo dá a lóhùn. "Kò yẹ kó kọjá ọgbọ̀n. Ẹ bínú sí lésà yín, ẹ má bínú sí mi."

Ó wò mí títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìwọ̀n, ẹ má nà mí o."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Lọ́dún kejì, ẹbí wa ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé lésà tuntun wá, èyí tí wọ́n fẹ́ lò ní ilé ìwòsàn ojú. Òun ló bá mi to ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Nítorí ìfẹ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wọ̀n ọ́n: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo kọrin ìyìn, mo sì fọwọ́ síwèé pé ó yege.

Ìgbà tí mo fẹ́ nu àwo irin tí lésà ń jókòó lé, ó tutù nini. Dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la máa ń fi sí. Ó ti yí i sí mẹ́wàá, torí lésà kì í mu iná púpọ̀ nínú òtútù.

"Ìwọ lo yí i?"

"Olólùfẹ́ mi, fara balẹ̀. Ọ̀gá ní tí kò bá yege, òun á lé mi. Mo ní ká ṣègbéyàwó ná..."

"Má pè mí lólólùfẹ́! Orúkọ mi lo fi purọ́! Tí ooru bá mú un, ṣé kó kú mọ́ dókítà lọ́wọ́, kí ojú ọmọ ọlọ́mọ wà ní ṣíṣí sílẹ̀?"

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Màmá mi ní, "Ọmọ mi, a ti pe èèyàn. Bo àṣírí ọkọ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò tíì di ọkọ mi!"

Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. Ìbínú nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi. Ọlọ́run gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́ láti fa ìwé náà ya. Mo bá òun fúnra rẹ̀ nídìí tábìlì mi, ọ̀gá dúró tì í. Ó ti dá àwo padà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ti tún lésà náà wọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Ogójì. Èmi ni mo yí àwo. Ìyá Ìwọ̀n kò mọ̀ sí i." Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá lé e lójú ẹsẹ̀.

Mo lé e bá lẹ́nu géètì, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká.

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Gan-an ni. Kò sì ní í tètè tán."

"Ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Mo ní mò ń bínú. Ṣé mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ni? Gbé àpótí yẹn wá, ó fẹ́ já bọ́."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, olùṣọ́-àgùntàn ní ká dira wa lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ ọkọ mi tutù nini bí àwo ọjọ́sí. Inú tún bí mi. Mo dì í mú gírígírí, mi ò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi móoru.