Irun Tó Wà Lórí Àjà

Najeem jẹ ẹ̀bà alẹ́ rẹ̀ tán, ó tẹ orí síwájú ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun wò ó bóyá onígbàjámọ̀ gé irun òun dọ́gba, ó rẹ́rìn-ín, ó sùn, kò sì jí mọ́. Kò ṣàìsàn. Ejò kò ṣán an. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, wọ́n ti sin ín sí ẹ̀yìn ilé, àwọn obìnrin Abà Àlàdé sì ti ń fi ojú bi ara wọn léèrè ohun tí ẹnu wọn kò tíì lè bèèrè.

Muhsinah ni ìyàwó tó fi sílẹ̀. Bí èèyàn bá gun ọ̀kadà láti abà náà, kò ní pẹ́ dé Mọ́níyà, níbi tí àwọn onídìrí pọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n Muhsinah kì í lọ sọ́dọ̀ wọn. Inú ilé ló ti ń ṣe irun tirẹ̀. Ó kọ́ ọ lórí fóònù, ó kọ́ ọ lára àwòrán kàlẹ́ńdà, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ́ ọ ní èyí tó kù. Tó bá di Ọjọ́bọ, á fọ irun, á fi òróró àgbọn pa á, á fi òwú dúdú kó o nígbà tó ṣì tutù kó lè nà. Tó bá di Jímọ̀, á tú òwú náà, irun á wú, á gùn, á máa dán bí aṣọ àrán. Á gbá a jọ sókè orí, á fi gèèlì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tẹ́ etí irun náà mọ́ iwájú orí. Tó bá jáde báyìí, Najeem á ní, “Ìyàwó ọ̀gá báǹkì ni wọ́n máa pè ọ́. Wọn ò ní mọ̀ pé àgbẹ̀ lọkọ ẹ.”

Opó ti gba gbogbo ìyẹn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi gbọdọ̀ jáde nílé. Kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fín lọ́fíńdà, kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ kankan. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Gàfárù, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú irun náà lọ́jọ́ ìsìnkú. Yàrá kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, jígí kan tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri, àjà pákó kan tí igun rẹ̀ ti jẹrà. Ayé Muhsinah kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Zubaidah, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú.

Ìgbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ilé náà. Àgbàdo Gàfárù, ẹ̀gbọ́n Najeem, yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tán, òjò dá, ó gbẹ sórí ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo ará abà rí, ṣùgbọ́n ti Gàfárù nìkan ni wọ́n ń sọ. Ibà kò fi ọmọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, Mùsílímátù, lọ́rùn sílẹ̀. Orí Roheem, ọmọ rẹ̀ àgbà, ń pá ní abala-abala, ti àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nǹkan kan a máa họ orí àjà yàrá Muhsinah, a máa wọ́ kiri, a sì dákẹ́.

Mùsílímátù gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró sí ojú fèrèsé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Ìyàwó, o ò tíì jí ni? Àbí ìrìn àná ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ?”

“Mo ti jí, Ìyá Roheem. Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Kí ló ń rìn lórí àjà ẹ?”

“Ẹyẹ ni mà.”

Mùsílímátù pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ gbọ́? Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́!”

“Ológoṣẹ́ ni mo ní, mà. Ẹyẹ kékeré.”

“Ta ló bi ọ́ bó ṣe tóbi tó? Orí Roheem ńkọ́? Ta ló ń fá a?”

“Làpálàpá ni. Kóòmù kan lẹ fi ń ya gbogbo wọn lórí. Bí ẹ bá lè ra—”

“Ìwọ tí orí ẹ dà bí ìtẹ́ àwòdì, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìtọ́jú irun?” Mùsílímátù tutọ́ sílẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ gbígbálẹ̀ lọ.

Muhsinah fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Irun náà ti lọ́, ó ti dì bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó dun ún ju èébú lọ pé òótọ́ ni.

Gàfárù ránṣẹ́ sí Alfa Yésúfù, tó ń tẹ yanrìn ní Olódò. Alfa dé ní Ọjọ́bọ, ó tẹ́ yanrìn sínú àwo, ó fi ìka fa ìlà sí i, ó sì gbójú sókè.

“Ẹ wá irun orí yín,” ó wí. “Ibi tó bá kó jọ sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà.”

Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sí orí. Nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kì í da irun nù. Gbogbo ìyàwó tó bá wọlé ni Ìyá Gàfárù máa ń kìlọ̀ fún pé irun tí kóòmù bá fà já, kò gbọdọ̀ balẹ̀, torí ayé lè mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa gbogbo rẹ̀ jọ, ti ara rẹ̀, ti àwọn ọmọ, títí kan èyí tí onígbàjámọ̀ bá gé lórí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Á ká a róbótó, á sì lọ tọ́jú rẹ̀. Ta ló wá lè rí i kó?

Wọ́n tú gbogbo yàrá. Lábẹ́ ibùsùn Muhsinah, ní ìsàlẹ̀ igun tí àjà ti jẹrà, ọwọ́ Mùsílímátù ba nǹkan. Ó fà á jáde, ó sì ké. Ìdì irun ni, ó tó ọsàn. Ewú tí lálì ti pa pọ́n wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà lórí Ìyá Gàfárù nìkan. Irun ọmọdé wà níbẹ̀. Irun kéékèèké kan sì wà láàárín rẹ̀ tó pọ́n bí irùngbọ̀n àgbàdo, tí gbogbo ilé mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Najeem ni iwájú orí rẹ̀ ti pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìyá Gàfárù jókòó sílẹ̀ gbì. “Irun ọmọ mi,” ó wí.

“Ìyá wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀,” Muhsinah wí lórí ìkúnlẹ̀.

“Tó bá di ọ̀la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀,” Gàfárù wí, “ojú gbogbo abà lo ti máa jáde nílé yìí. Zubaidah ò ní tẹ̀ lé ọ. Ọmọ wa ni.”

“Bọ̀dá mi, inú opó ni mo wà. Ibo ni kí n lọ?”

“Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ.”

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi àgádágodo kọ́ ọ níta.

Nígbà tó ṣe, Muhsinah gbọ́ tí nǹkan ń họ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìka Zubaidah ni.

“Màámi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń fò?”

“Irọ́ ni, ọmọ mi.”

Ọmọ náà ronú sí i. “Ṣé ẹ ò lè kọ́ ọ kó tó di ọ̀la, kí ẹ lè gbé mi dání?”

Muhsinah gbé iwájú orí lé ilẹ̀kùn. Nígbà tí omijé rẹ̀ dá, ó dìde, ó sì yí jígí padà láti ara ògiri. Obìnrin tó rí nínú rẹ̀ ló bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá rí èyí, ó ní láti pè é ní àjẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá máa gba ọmọ lọ́wọ́ òun, tí wọ́n máa lé òun kọjá lójú gbogbo ayé, àwòrán tó máa kù lójú Zubaidah kò ní jẹ́ ti obìnrin yìí.

Omi àlùwàlá rẹ̀ wà nínú ike. Ó fi fọ irun náà. Òróró àgbọn tó kù ní ìsàlẹ̀ ìgò, ó fi ìka fá a jáde. Ó fi ọwọ́ tú irun tó ti dì ní ìdì kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń fi eyín tẹ ètè. Ó ya á, ó fi òwú dúdú kó o, ó sì dùbúlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Jímọ̀ tí ilé dá, ó jókòó síwájú jígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú. Irun náà jáde ní gígùn, ó rọ̀, ó ń dán. Ó ń yà á, ó ń yà á, kóòmù sì ń kó irun tó ti kú lóṣù mélòó kan jáde. Ó ká a róbótó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò mọ ibi tó máa fi pa mọ́ sí. Ó jù ú sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Inú jígí ló ti rí i. Ológoṣẹ́ kan yọ orí níbi igun àjà tó jẹrà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bà sílẹ̀. Ó ta pọ́n-ún lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ẹnu fa irun tó pọ̀ ju orí tirẹ̀ lọ, ó sì fò padà sókè.

Ọwọ́ Muhsinah dúró lórí orí rẹ̀. Láti ojú fèrèsé yìí, láràárọ̀, ògiri alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ló ń wò, torí kò sí ohun mìíràn tí opó lè wò. Ó máa ń rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń ki nǹkan bọ ihò ògiri náà. Ó máa ń rí àwọn ológoṣẹ́ tó ń bà sára rẹ̀ bí ìyá náà bá ti kúrò. Kòkòrò ló rò pé wọ́n ń ṣà jẹ.

Ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ó lè tú irun náà ká kí wọ́n tó dé. Opó tó ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹjọ́ kejì nìyẹn. Ó wo jígí. Ó gbá irun náà jọ sókè orí, ó dì í, ó mú gèèlì tó kù àti búrọ́ọ̀ṣì, ó sì tẹ́ etí rẹ̀ mọ́ iwájú orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí àgádágodo ṣí, gbogbo wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Muhsinah jókòó lórí àpótí nínú aṣọ opó rẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà, irun rẹ̀ ga bí adé, etí irun náà sì dúdú bí ìgbà tí wọ́n fi tàdáwà kọ ọ́.

“Aúsùbílláhì!” Alfa Yésúfù wí.

“Ẹ wò ó!” Mùsílímátù ní. “Erùpẹ̀ tí wọ́n fi bo ọkọ ẹ̀ ò tíì gbẹ! Ta lo ń ṣe é fún?”

“Fún ara mi, Ìyá Roheem.” Ó kúnlẹ̀. “Alfa, ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí irun kó jọ sí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wá. Wọn ò wo òkè.”

“Ta ló máa ki ọwọ́ bọ orí àjà àjẹ́?” Gàfárù bèèrè. Àgádágodo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ ká dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo irun tó wà nílẹ̀ yẹn. Bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, màá lọ. Mi ò ní bá yín du ọmọ.”

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Zubaidah, tó di aṣọ ìyá bàbá rẹ̀ mú, gbójú sókè.

Wọ́n dúró. Eṣinṣin kan bà sórí irun náà, ó fò lọ. Ọmọ ọwọ́ Mùsílímátù wúkọ́. Orí ológoṣẹ́ yọ ní igun àjà, ó rí èrò, ó padà sínú.

“A ń retí iṣẹ́ ìyanu,” Mùsílímátù wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Dákẹ́,” Ìyá Gàfárù wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lókè.

Ẹyẹ náà tún yọ. Ó bà sílẹ̀. Ó fa irun Muhsinah títí tó fi já, ó gbé e fò sókè, ewú kan tó pọ́n sì bọ́ láti igun àjà náà, ó ń yí bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Gàfárù, gun àpótí yẹn.”

“Màámi, ṣùgbọ́n—”

“Mo ní gùn ún. Èmi ni mo bí ọ, ẹyẹ kọ́.”

Ó gùn ún. Ohun tó gbé wá sílẹ̀ tó igbá ìbomi. Koríko ni, òwú ni, ìyẹ́ adìẹ ni, irun gbogbo ilé ni, wọ́n hun ún mọ́ ara wọn, abẹ́ rẹ̀ sì ti ya, ibi tó ya náà tó ọsàn. Àwọn ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ wà láàárín rẹ̀, wọ́n la ẹnu pípọ́n sí gbogbo ènìyàn.

“Ihò ògiri ni mo ń kì í sí,” Ìyá Gàfárù wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Kí ayé má baà rí i. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń kó o fún wọn.”

Alfa Yésúfù wúkọ́. “Ṣebí mo ti sọ fún yín. Yanrìn kì í purọ́.”

Mùsílímátù ló dá a lóhùn. “Ó dáa. Ẹyẹ ló kó irun. Ṣé ẹyẹ náà ló bá a dì í? Ṣé ẹyẹ ló fi gèèlì sí i? Ó ba opó jẹ́. Ẹni tó ba opó ọkọ ẹ̀ jẹ́, ilé ọkọ wo ló tún kù fún un?”

Gbogbo ojú padà sí orí Muhsinah. Gàfárù wo Alfa. Alfa la ẹnu.

Ìyá Gàfárù fa ìborùn kúrò lórí ara rẹ̀. Ewú rẹ̀ tí lálì pa pọ́n hàn síta, àwọn ọkùnrin sì gbójú kúrò. Ó tẹ ìborùn náà sórí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fà á bo iwájú orí, ó bo ẹ̀yìn, ó sì rọra so ó kó má baà tẹ irun náà.

“Alfa,” ó wí, “irun wo ni wọ́n ń sọ? Ẹ̀yin rí irun kan?”

Alfa Yésúfù wo àwọn ọmọ ẹyẹ. “Ìborùn ni mo rí, Ìyá.”

Gàfárù dá ìtẹ́ padà sórí àjà, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e, ìyá rẹ̀ ti fa irun pípọ́n díẹ̀ yọ nínú rẹ̀, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Mùsílímátù dé láti Mọ́níyà pẹ̀lú kóòmù tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Opó kò tíì pé. Yàrá náà ṣì jẹ́ yàrá kan, fèrèsé kan. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dojú jígí kọ ògiri mọ́.

Zubaidah wọlé, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó tẹ orí síwájú. “Màámi, ṣé ó ṣì wà lábẹ́ ẹ̀?”

“Kí ni?”

“Irun yín.”

“Dákẹ́, jẹ́ kí n ya orí ẹ.”

Ó ya irun ọmọ náà sí méjì. Èyí tí kóòmù fà já, kò ká a róbótó. Ó jù ú sílẹ̀, ó sì gbọ́ tí ìyẹ́ gbọ̀n lókè orí wọn.