Ẹsẹ̀ Tí Délù Gbé

Orí ló ń fọ́ Zulai ní àárọ̀ Alámìísì. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀, wọ́n ti sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ooru mú, ìjì eruku ń jà, ohun kan náà sì ni gbogbo abúlé ń sọ: Délù, ìyálé ìyá rẹ̀ tí kò bímọ, ló jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ara Nafiu, ẹ̀gbọ́n Zulai, gbóná. Ọrùn rẹ̀ le débi pé kò lè wo àyà ara rẹ̀.

"Àjẹ́ ti jókòó sí i lọ́rùn," ni Inna Tabawa, ìyá ọkọ Délù, wí. "Délù, fi ẹsẹ̀ ré ọmọ yìí kọjá, kí o dá ẹ̀mí rẹ̀ padà!"

Délù kò mira. Bí ó bá ré e kọjá tí ọmọ dìde, ó ti jẹ́wọ́ àjẹ́ nìyẹn. Bí ó bá kọ̀ tí ọmọ kú, òun náà ló pa á.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì."

"Ẹyẹ tó bà lórí àká wa lánàá, ṣé nọ́ọ̀sì ló rán an?"

Délù ti pọn Nafiu. Òun ló ń pọ̀n ọ́n láti kékeré. Ní abúlé wọn, ìtìjú kì í jẹ́ kí ìyá pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, tàbí kó gbé e mọ́ra lójú àna.

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Ibro rọra gbé orí ọmọ náà sókè. Orúnkún Nafiu méjèèjì ká fúnra wọn.

"Ó jọ àrùn yírùnyírùn. Ṣùgbọ́n omi tí mo bá fi abẹ́rẹ́ fà láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sọ òótọ́. Kí ìyá rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó ká a jọ, kó dì í mú gírígírí."

Absatu, ìyá Nafiu, wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀lé wọn dé ojú fèrèsé, ó sì wolẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ ṣàánú ọmọ yín."

Ibùsùn sìmẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ Nafiu sí lẹ̀ mọ́ ògiri lápá mẹ́ta. Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dé ẹ̀gbẹ́ ògiri àyàfi kó ré ọmọ kọjá. Délù gbé ẹsẹ̀.

"Ẹ rí i! Ó ré e kọjá!" ni Inna Tabawa ké lójú fèrèsé.

Délù di ọmọ mú. Omi jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó rí bàìbàì bí omi tí wọ́n fi ṣan jéró.

"Omi ẹ̀yìn ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa mọ́ bí omi kànga," ni Ibro wí, ó gbé ìgò sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Àrùn rè é. Òun ló pa Zulai." Ó gún Nafiu lábẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, Nafiu béèrè fúrá.

"Ṣé mo purọ́?" Inna Tabawa ń bi àwọn aládùúgbò. "Ó ré e kọjá, ọmọ dìde!"

 Délù bu wàrà sí fúrá náà. Nafiu tẹ orí ba, ó ń wo inú igbá.