Òdòdó Òkú Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Adájọ́

Ok-bun ń fi ata pa kábéèjì lára, kimchi tí wọn yóò fi la ìgbà òtútù já. Ọkọ rẹ̀, Deok-su, ń pàtẹ́wọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ló ń pariwo níbẹ̀ nítorí ìdájọ́ kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: "Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ta orílẹ̀-èdè yìí! Ẹ jẹ́ ká sin wọ́n!"

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" ni Deok-su wí. "Èmi ti fi òdòdó òkú ránṣẹ́ sí Jeong-ran ní tèmi."

Ọmọ àdúgbò wọn ni Jeong-ran, ó wà lára àwọn adájọ́ náà. Bí inú bá ń bí àwọn èèyàn, wọ́n a máa to òdòdó òkú, irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìsìnkú, síwájú ilé ẹjọ́ ní Seoul, olú ìlú Korea.

"Ṣé Seoul lẹ fi ránṣẹ́ sí?" ni Ok-bun bèèrè.

"Tiwa ò ní hàn ní Seoul. Ilé ìyá ẹ̀ níbí ni."

"Yéè! Bàbá Min-gu, ṣé orí yín pé? Ìyá tí kì í wo tẹlifíṣọ̀n! Ó máa rí òdòdó òkú pẹ̀lú orúkọ ọmọ ẹ̀ lára ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò?"

Kò tilẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fi sáré jáde. Ó bá ìyá àgbà, ìyá Jeong-ran, nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láìwọ bàtà, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. "Jeong-ran mi! Ta ló pa ọmọ mi?"

"Kò kú o, Màmá!" Ok-bun bọ́ ìbọ̀wọ́ aláta náà, ó fi fóònù pe Jeong-ran. "Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Màmá? Kí ló dé?" ni Jeong-ran ń bèèrè. Ìyá náà di fóònù mọ́ra, ó ń sunkún.

Deok-su náà dé, ó tẹ orí ba. "Olórí ẹgbẹ́ ló ní..."

"Ó dà?" ni Ok-bun jágbe mọ́ ọn. "Ẹ pè é kó wá rẹ ìyá yìí lẹ́kún! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ìdájọ́ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó sọ ìdí ẹ̀, kó lọ tún òfin ṣe nílé aṣòfin. Ta ló di í lẹ́nu? Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yín lọ́la ńkọ́, ṣé ilé ẹjọ́ tẹ́ ẹ ti sin lẹ máa sá lọ?"

Ìyá àgbà gbójú sókè. "Deok-su, èmi ni mo máa ń pọ̀n ẹ́ tí ìyá ẹ bá lọ sóko."

Deok-su gbé òdòdó náà, ó ń lọ.

Ẹ̀yin ará, adájọ́ lè ṣàṣìṣe, ẹnikẹ́ni ló sì lè sọ pé ìdájọ́ kan ò tọ́, títí kan olórí. Àmọ́ ẹ bi í pé ibo ni wọ́n ti ṣì í. Tó bá jẹ́ èébú nìkan ló ní, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má gbé ìjà lọ sílé adájọ́ tàbí ti ẹbí rẹ̀. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ sin wọ́n kò ní bá yín dúró níwájú ìyá tó ń sunkún nítorí ọmọ rẹ̀.