Ta Ló Tú Awo Idẹ Lára Ìyá Àgbà?

"Epo tán nínú bàálù mi lójú ọ̀run lọ́jọ́ ogun yẹn. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi èjìká tì í délé. Ìkùukùu ló ń yà fún mi lọ́nà!"

Balógun Òfurufú ló ń pariwo báyìí lẹ́nu ọ̀nà ilé bàálù, fìlà pupa gogoro lórí rẹ̀ bí òkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pìtàn ibùdó ọmọ ogun òfurufú náà fún àlejò. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti tú awo idẹ kúrò lára Ìyá Àgbà, bàálù àkọ́kọ́ tó gbéra níbẹ̀, tó kó odidi ìlú kan yọ nínú omíyalé. Awo náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó wa bàálù náà ló wà lára rẹ̀, àwọn òpìtàn sì ń bọ̀ wá dà á kọ lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ti tú àpò gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Òfo!

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ojú-Àwòdì kó àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin yìí lè rí eégbọn lára ajá tó ń sáré nílùú kejì! Ó bá mẹkáníìkì obìnrin tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ibùdó jágbe mọ́ ọn: "Bí àlejò bá dé kí awo yẹn tó jáde, ẹ̀wọ̀n yá!"

"Ẹ gbà mí, sà," ni obìnrin náà ń sunkún. "Mo fi ọmọ ọmú sílé."

Ojú-Àwòdì bi í pé, "Ta ló wá síbí láàárọ̀?"

"Kò sí àlejò kankan, sà. Bàbá Balógun nìkan ni. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, mo lọ bu omi wá."

Balógun yínmú. "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló jí i!"

Ojú-Àwòdì tan tọ́ọ̀ṣì sára Ìyá Àgbà. Òwú pupa tín-ín-rín kan há sẹ́nu nọ́ọ̀tì níbi tí awo ti kúrò. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rí fìlà rẹpẹtẹ lára ìkọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kó fìlà síbẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, sà," mẹkáníìkì dáhùn. "Ó lè fa fìlà mì bí ẹni gbé oògùn mì, bàálù á sì bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dé fìlà wọ ibí."

Ojú-Àwòdì rọra ṣẹ́wọ́ sí awakọ̀ kan tó jókòó sínú bàálù rẹ̀ níta, lẹ́yìn náà ló yíjú. "Bàbá, ẹ ṣí fìlà yín."

"Fìlà akọni? Bí mo bá ṣí i, òjò á rọ̀ fọ́dún méje!"

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Ara fìlà ni òwú pupa yìí ti já. Òṣìṣẹ́ bàálù kì í dé fìlà wọ ibí. Ẹ̀yin nìkan lẹ dé e wọlé, ẹ̀yin náà lẹ rán ọmọ yìí lọ bu omi. Ẹ sì mọ̀ pé táwọn òpìtàn bá ka awo yẹn, wọn ò ní rí orúkọ yín níbẹ̀."

"Irọ́! Èmi tí mo—"

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù níta. Atẹ́gùn já wọlé, ó gbé fìlà Balógun lọ sókè réré.

Gbàn-àn! Awo idẹ já bọ́ látorí rẹ̀.

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

"Mò… mò ń bá yín mú un gbóná ni!" Balógun wí, ó sì bẹ́ sísá. Àwọn ọlọ́pàá gbá tẹ̀lé e. Ó gba pápá bàálù kọjá, eruku bo oòrùn lójú. Ògiri ibùdó ga ju ènìyàn méjì lọ, ṣùgbọ́n ó fò ó láìfọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ yẹn ni Balógun Òfurufú kọ́kọ́ fò láyé rẹ̀.